Ẹja Tó Gbé Oríkì Àdìgún Wọ Òkun

Ìyá Gbọ́láhàn kò ṣì í kì rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alhaja Àrínọlá ní Agége, ẹ ó bá mi jẹ́rìí sí i: arúgbó náà lè gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé oríkì ẹnikẹ́ni nínú agboolé. Bí ọmọ bá ti fi àyà kan ilẹ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí Gbọ́láhàn wakọ̀ wá láti Ọmọ́lẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, Àdìgún ló ń retí, Àdìgún ọmọ a-gbin-obì-pààlà, bí ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré.

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Káàbọ̀, Àjàní," ni ó wí. "Ọmọ atukọ̀ la ìjì já. Ọmọ ẹni tí omi iyọ̀ ò lè gbé mì."

Gbọ́láhàn gbé orí sókè. Kò sí atukọ̀ kankan nílé wọn. Ọlóko obì ni baba ńlá wọn, orí ilẹ̀ oko obì náà ni àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n fi ń háyà fún àwọn ilé iṣẹ́ wà títí dòní.

"Ìyá, èmi Gbọ́láhàn mà ni."

"Ṣé mo ní ìwọ kọ́ ni? Àbí mo fọ́jú?" Ó fi ahọ́n pọ́n ètè lá, ó fajú ro. "Ẹnu mi kàn ń ṣe bí ẹni lá iyọ̀ láti àná ni. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

Gbọ́láhàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ó mọ ẹni tó ni oríkì yẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí, láàárín òkun, òun fúnra rẹ̀ ló sì gé e mọ́ ẹni tó ń kì í lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Gbọ́láhàn ti rí jájẹ, ó sì bá àwọn ọlọ́rọ̀ kan ṣẹgbẹ́, àwọn tó máa ń gba ọkọ̀ jáde sí òkun Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn ò pẹja tà, wọn ò pẹja jẹ, eré ni wọ́n ń fi ẹja ṣe. Wọ́n á fà á, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á bá a ya fọ́tò, wọ́n á sì dá a padà sómi. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wò. Wọ́n ń lé kúta eléyín ṣóńṣó, wọ́n ń lé túnà tí ara rẹ̀ le bíi táyà, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wọn ń lá lálàá ni ẹja onídà, tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣọọrọ, tí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí bí agboòrùn. Ẹni tó bá fa ìyẹn, ó ti dọkùnrin láàárín wọn. Gbọ́láhàn ò fa kúta rí, ká má tíì wí ti onídà. Èébì nìkan ló mọ̀ ọ́n bì.

Lọ́jọ́ tí ẹja onídà gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ó fi fìlà bojú, ó ń kérora. Job, ọmọ Ìlàjẹ tó ń tukọ̀ fún un, ló gba ọ̀pá ìwọ̀. Ẹja fò, ó rì, ó tún fò. Okùn gé Job lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́, kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tó rẹ ẹja tó sì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Job kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Àṣà ilé wọn ni pé ẹni tó bá fa ẹja ńlá gbọ́dọ̀ kí i, kó sọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe fún un, kí ẹja lè mọ ọwọ́ tí òun bọ́ sí.

"Èmi Àjàní ni," ni ó ń sọ jẹ́jẹ́, "ọmọ atukọ̀ la ìjì já…"

Àfi gbọ̀ọ́, ọkọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yọ, gbogbo wọn na fóònù sókè. Ara Gbọ́láhàn yá lójijì. Ó ti Job sẹ́yìn, ó di ẹja mú lẹ́nu, ó kígbe kí wọ́n lè gbọ́: "Èmi Àdìgún ni mo fà ọ́! Àdìgún ọmọ a-gbin-obì-pààlà!" Àwọn tọ̀hún pàtẹ́wọ́. Ojú ẹja yìí yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró sórí rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú. Job fà á láṣọ. "Ọ̀gá, ẹ má fi ìyẹn ṣeré," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ sọ òótọ́ fún un kó tó lọ." Ọ̀gá ti tú u sílẹ̀. Ó wọ ìsàlẹ̀ omi dúdú lọ pẹ̀lú ohun tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì máa gúnlẹ̀, ẹ wá wo ẹ̀tẹ́: Gbọ́láhàn wá báńdéèjì, ó fi di ọwọ́ ara rẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe.

Ọ̀rọ̀ ì bá kéré, ká ní kì í ṣe ti Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Olórí ẹbí wọn ti kú, wọ́n sì ti fẹnu kò pé Gbọ́láhàn ni yóò jẹ ẹ́. Nílé tiwọn, a kì í wé láwàní fún olórí ẹbí, a kì í fún un lọ́pàá. Ìyá tó dàgbà jù ni yóò ki ìdílé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, baba dé ọmọ, títí yóò fi dé orí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Bó bá dé orí rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí kò bá dé ibẹ̀, wọn ò jẹ́ mọ̀ ọ́n. Alhaja Àrínọlá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n kì. Ẹ̀gbọ́n wọn Àṣírù tiẹ̀ ti tẹ kàlẹ́ńdà, Gbọ́láhàn àti ẹja ni wọ́n fi sójú ẹ̀, fọ́tò ọwọ́ tó fi báńdéèjì dì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbọ́láhàn tún padà sọ́dọ̀ ìyá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Yàrá náà ń rùn bí etí òkun, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì, Agége ò sì ní òkun.

"Ìyá, Àdìgún ńkọ́?"

Ìyá ronú títí. "Àdìgún? Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí?"

Gbọ́láhàn sáré jáde. Ó wakọ̀ lọ sí Ìkẹjà, sí ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, níbi tí Job ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Job jáde sí i, èéfín òtútù tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àpá ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n. Gbọ́láhàn ò lè wo ọwọ́ yẹn.

"Job, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, sà. Ẹ ò fà á, ẹ sì fi ara yín hàn án. Ó ti gbé yín lọ. Tèmi tí ẹ gé mọ́ mi lẹ́nu ló ń wá ibi tó máa gbà jáde."

"Báwo ni mo ṣe máa rí i gbà?"

"Àwọn bàbá wa ní téèyàn bá tètè jẹ́wọ́ lójú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un, omi á dá a padà. Tó bá pẹ́ jù…" Job mi orí.

"Jọ̀ọ́, ṣé o lè bá mi sọ pé àwa méjèèjì la jọ fà á?"

Job na ọwọ́ tó ní àpá sí i. "Àwa méjèèjì kọ́, sà," ni ó wí, ó sì padà sínú òtútù.

Nínú ọkọ̀, Gbọ́láhàn ṣí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará, ẹja ọjọ́sí, èmi kọ́ ni." Kó tó fi ránṣẹ́, ẹnì kan tún gbé fọ́tò yẹn síbẹ̀: "Baba ẹja! A máa wá bá yín ṣe é ní Sátidé o!" Ó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ojú ń tì í láti tú àṣírí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tẹ́ tó jù ú lọ ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ Sátidé pé, oòrùn ràn, agboolé kún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òkun jókòó sí ọwọ́ iwájú. Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara: ó ki baba ńlá wọn, ó ki ọmọ rẹ̀, ó ki bàbá Gbọ́láhàn láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọkàn Gbọ́láhàn balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó kan orí rẹ̀, ìyá dákẹ́. Ó pọ́n ètè lá. Ó tún pọ́n ọn lá.

Ara Gbọ́láhàn ò gbà á mọ́. "Èmi kọ́ ni mo fa ẹja!" ni ó kígbe láti ilẹ̀. Ó sọ ti Job, ó sọ ti èébì, ó sọ ti báńdéèjì, ó ń sunkún bí ọmọdé lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn tó ń háyà ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo bàtà ara wọn. Ẹ̀gbọ́n Àṣírù rọra yí kàlẹ́ńdà kọ ojú sí ògiri.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbé ojú sókè. "Ìyá, mo ti jẹ́wọ́. Ẹ kì mí."

Alhaja Àrínọlá ń fi ojú àánú wò ó. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ gbọn aṣọ yín nù."

Ọlárónkẹ́, ìyàwó Gbọ́láhàn, figbe ta. "Ìyá! Gbọ́láhàn ni! Ọmọ yín ni!"

Ìyá wo Gbọ́láhàn láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ran àlejò lọ́wọ́ tí kò sì mọ bí yóò ṣe ṣe é. Ó wá fi ọwọ́ tútù kan ejìká rẹ̀.

"Ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú, sà, ẹ tètè máa lọ," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ bá mi kí ìyá yín nílé o."