Nígbà Tí Abẹ́rẹ́ Àkọ́kọ́ Kò Dá Wárápá Dúró

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1996, Àríyọ̀ àti Aníwúrà ìyàwó rẹ̀ ń se ẹyìn níbi tí wọ́n ti ń fún epo ní Ìkọ̀yà, ni ọkùnrin náà bá ṣubú. Ara rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wárápá ti ń ṣe é láti kékeré, àmọ́ oògùn ọsibítù ti jẹ́ kó gbádùn débi pé ó pa oògùn náà tì.

Tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ.

Aníwúrà fà á kúrò nídìí iná, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò kan gbé ṣíbí wá láti fi la eyín rẹ̀, òmíràn ní kí wọ́n rọ ìtọ̀ màálù sí i lẹ́nu. Aníwúrà kọ̀. Òun àti Ambrose, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa.

Dókítà Olúsọjí gún un lábẹ́rẹ́. Wárápá náà kò dúró. Ó tún gún un, ara ṣì ń gbọ̀n. Ambrose ní kí wọ́n gbé àbúrò òun padà sílé, pé àìsàn tí abẹ́rẹ́ kò ràn kì í ṣe ti ọsibítù.

Dókítà kọjú sí Aníwúrà. "Oògùn àkọ́kọ́ ni kò ràn án, mà, oògùn ò tíì tán. Bí wárápá bá ti pẹ́ lára báyìí, ó máa ń ṣòro dá dúró. Òmíràn wà tí a ó pò mọ́ omi fà sí i lára. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, a ó fi oògùn kùn ún lóorun, a ó sì máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e lọ, ọpọlọ rẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́ lọ."

Aníwúrà kúnlẹ̀ fún Ambrose. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. A ò ní gbé e lọ."

Oògùn kejì kò tó. Ìgbà tí wọ́n kùn ún lóorun ni ara rẹ̀ tó rọlẹ̀. Aníwúrà jókòó tì í, kò mọ̀ bóyá yóò jí.

Ó jí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì pẹ́ kó tó rántí orúkọ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Ẹ̀yin ará wa, bí wárápá bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tó tún padà kí ẹni náà tó lajú, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò bá ràn án, ẹ má gbé aláìsàn sá. Ẹ jẹ́ kí dókítà lo èyí tó kàn. Ẹni tó sì ń lo oògùn wárápá, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀, bí ara tilẹ̀ yá.