Omi Amójúkú

Ata ta sí ojú Fadérera, kò sì ṣẹ́jú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ibòmíràn ni. Ata rodo tútù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú ọgbà abẹ́ gíláàsì, ni ìyá rẹ̀ Àwẹ̀ró ń lọ̀. Ó ta pàrà sínú ẹyinjú ọmọ náà, omi ata ń ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ sì ń bá ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lọ.

"Yéè! Fadérera, ojú ẹ!"

"Kí ló ṣe ojú mi, Màmá?"



Ìlú Ilẹ̀pupa ni èyí, tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí ayé pupa tí ó jìnnà sí oòrùn ju tiwa lọ. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kúnná bí ẹ̀lúbọ́, ó sì ń ba ojú àwọn awakùsà bíi Fadérera jẹ́. Dókítà Ọláṣebìkan wá ṣe awò-aríran, gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, tí okùn tín-ín-rín rẹ̀ wọ inú lọ bá ọpọlọ, tí ó ń ríran nínú eruku. Kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kán omi amójúkú sójú. Omi yìí á mú kí ojú kú bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé ṣe máa ń kú. Abẹ á kàn án, olójú kò ní mọ̀. Láyé àtijọ́, ìgbà iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ń kán irú rẹ̀, kò sì sí dókítà tó ń fún ènìyàn gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n awò-aríran ń ha ojú, àwọn awakùsà ń ké. Ni Ọláṣebìkan bá ń pín ìgò omi náà fún wọn, kí wọ́n máa kán an láràárọ̀. Ojú ò dun ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́.

Àwẹ̀ró kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Obìnrin náà máa ń fura sí ohunkóhun tó bá rọrùn jù. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o!" Ọláṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àpọ́nlé tó pọ̀ jù yẹn gan-an tún dá kún ìfura ìyá. "Kò séwu rárá, mà. Ojú rẹ̀ ló kú, ni ata ò ṣe ta á."

"Ojú tí ata ò ta, ta ni yóò sọ fún un bí nǹkan burúkú bá wọ̀ ọ́?"

"Awò á sọ fún un."

"Awò tí ìwọ fúnra rẹ ṣe! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìwọ ń pa ojú."

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ́ràn ìrora jù. Kí ni ìrora ń ṣe fún ènìyàn?"

"Òun ni kò jẹ́ kí o ti ọwọ́ bọ iná nígbà tí o wà lọ́mọdé, ọ̀gbẹ́ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó na ìgò tuntun sí Fadérera. Àwẹ̀ró bá ṣe ojú sí ọmọ rẹ̀. Ẹ mọ irú ojú tí ìyá máa ń ṣe sí ọmọ nílé onílé, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀: má dán an wò. Fadérera mọ ojú dáadáa. Láti kékeré, ìyá rẹ̀ kì í la ẹnu kí ó tó gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gba ìgò.

"Ẹ ṣé, sà."

"Fadérera! O ò rí ojú tí mo ṣe sí ọ ni?"

"Mo rí yín, Màmá. Ẹ̀rín lẹ ń rín sí mi. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Òun tí inú rẹ̀ ti ń gbóná láti ìgbà tí ata ti ta! Ó yíjú sí dókítà, ó rí i pé òógùn ti bo iwájú orí ọkùnrin náà nínú yàrá tó tutù nini.

"Yọ awò yẹn."

"Màmá, kò tíì tó àkókò..."

"Mo ní kí o yọ ọ́! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èékánná mi yìí ni mo máa fi yọ ọ́!"

Ó yọ ọ́ lójú méjèèjì. Ẹyinjú tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹyin tí wọ́n sè.

"Màmá, ta ló paná?" ni Fadérera bèèrè. Iná sì ń tàn.

Ọláṣebìkan jókòó sílẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Omi tí a ń kán lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ ojú jinná. Awò ń ha á, ojú ń jẹrà, olójú ò sì mọ̀. Bí ojú ṣe ń fọ́ lọ, awò ń fi àwòrán tó ti kó pamọ́ dí i, ó sì ń yan èyí tó dùn ún wò, kí ara má baà fu ẹnikẹ́ni.

"Ti ọ̀tún ti lọ," ni ó wí. "Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù nínú ti òsì. Ó lè jinná, bí omi náà ò bá tún kàn án. Ṣùgbọ́n yóò dùn ún, Màmá. Yóò dùn ún gan-an."

Agbára omi náà sì ti ń ṣá lójú ọmọ. Fadérera figbe ta, ó ń táràrà wá ìgò tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kiri. "Ẹ kán an sí i! Ẹ dá awò mi padà! Inú rẹ̀ ni màmá mi ti ń rẹ́rìn-ín!"

Àwẹ̀ró ṣíwájú rẹ̀ gbé ìgò náà, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú kó má baà fi họ ojú. Ọmọ tí kò fún un lésì burúkú rí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un, ó pè é ní ìkà, ó pè é ní àjẹ́.

Ẹkún gbọn ìyá. "Máa ṣépè, ọmọ mi," ni ó ń wí. "Mò ń gbọ́." Kò sì tú ọwọ́ náà sílẹ̀.