Ojú-Ìwé Tí Ràfátù Dáná Sun

"Ràfátù, ikán ti ń jẹ ìwé wọ̀nyí. Rọra máa ṣí wọn o."

Láwàlì, akọ̀wé kóòtù Ọ̀tà, ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1936. Ó bẹ Ràfátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó máa bá òun da àwọn ìwé ẹjọ́ àtijọ́ kọ lẹ́yìn ilé-ìwé, torí ọmọ náà mọ̀wé kọ.

Inú ìwé ọdún 1903 ni Ràfátù ti rí orúkọ bàbá bàbá rẹ̀: "Abórìṣàdé, olóko obì, ló ni ẹrúbìnrin tí ń jẹ́ Àpèkẹ́."

Ó dá Àpèkẹ́ mọ̀. Ìyá àgbà Ìyádùnní ni, Ìyádùnní tí kì í jẹ́ kí Ràfátù gba ipò kìíní ní kíláàsì wọn. Ràfátù pa ìwé náà dé. Èyí tó kà ti tó o.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń gbá ọgbà ilé-ìwé, Ìyádùnní ní kó tún ẹ̀gbẹ́ kan gbá.

"Èmi lò ń rán níṣẹ́?" Ràfátù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá wa ló ra ìyá àgbà rẹ! Ó wà nínú ìwé kóòtù. Ọmọ ẹrú!"

Àwọn ọmọbìnrin yòókù pariwo ẹ̀rín. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi kọrin. Wọn ò jẹ́ kí Ìyádùnní bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì padà wá mọ́ láé.

Lọ́jọ́ Ajé, Ràfátù ṣí ojú-ìwé kejì.

Àpèkẹ́ bí ọmọkùnrin kan, Àmọ̀dá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó já obì tí kò tíì gbó. Abórìṣàdé tà á, kí ìyá rẹ̀ lè kọ́gbọ́n. Àpèkẹ́ sá lọ sí kóòtù. Wọ́n dá a sílẹ̀ lóko ẹrú, ṣùgbọ́n Abórìṣàdé búra pé ọmọ ti kú. Lẹ́yìn tí Àpèkẹ́ ti lọ, ìránṣẹ́ Abórìṣàdé wá jẹ́wọ́ pé abúlé kan lẹ́bàá Adó-Odò lòun mú ọmọ náà lọ. Ó dárúkọ abúlé, ó dárúkọ ẹni tó rà á. Ọ̀rẹ́ Abórìṣàdé ni akọ̀wé ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún Àpèkẹ́.

Ràfátù wò yíká. Bí àwọn tó ń bá a rẹ́rìn-ín bá gbọ́ èyí ńkọ́? Ó ya ewé ìwé náà, ó tì í bọ inú ààrò ìyá rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, Àpèkẹ́ fọ̀pá tilẹ̀ wọlé wọn. Ràfátù rò pé èpè ló gbé wá. Ìyá arúgbó náà kúnlẹ̀ fún un.

"Ọmọ olówó mi, mi ò bá ìjà wá. Òótọ́ ni, ẹrú ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ìwé yẹn ṣì wà láyé. Ìwọ tí o kà á, ǹjẹ́ ó sọ ibi tí wọ́n gbé Àmọ̀dá mi lọ?"

Ràfátù bú sẹ́kún. "Ẹ dìde, ìyá. Kò kú nígbà yẹn. Ẹ̀bá Adó-Odò ni wọ́n mú un lọ. Mi ò rántí orúkọ abúlé náà. Mo ti... mo ti dáná sun ewé náà."

"Adó-Odò?" Ohùn Àpèkẹ́ ò ròkè. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ná ọjà níbẹ̀. Bóyá mo ti ta gààrí fún ọmọ mi rí."

Láti ọjọ́ náà, abúlé dé abúlé lẹ́bàá Adó-Odò ni Àpèkẹ́ ti ń bi àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tó ọmọ ogójì ọdún léèrè, "Ta ló bí ọ?" Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọ̀nà ibẹ̀ ló kú sí. Kò rí Àmọ̀dá. Wọ́n lé Láwàlì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ewé tó sọnù.

Ràfátù dàgbà kó tó lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n rà kọ́ ni ìtìjú tọ́ sí, ẹni tó rà á ni. Àti pé ẹni tó bo ìwà ìkà ẹbí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti bá wọn hù ú. Àwọn àgbà ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ti Àmọ̀dá, ọ̀nà ò tilẹ̀ jìn.