Ohun Tí Etí Òsì Kò Gbọ́

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ọmọbìnrin ayafọ́tò kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ìyẹ̀fun irin kún irun rẹ̀, àpá iná kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títí dé àgbọ̀n. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni. Fọ́tò ló wá yà.

Ọmọbìnrin náà yà á tán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì nu àpá náà nù pátápátá. Lójú tirẹ̀, fọ́tò tí kò bá dán bíi dígí kò tíì parí.

Wẹ́dà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́ o! Bí mo bá gbé èyí délé, ìyá mi á ní kí n lọ dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Ẹ bá mi dá àpá mi padà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ayafọ́tò kó tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni fọ́tò ti ń wu wẹ́dà yà lemọ́lemọ́. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ dárúkọ fọ́tò mọ́. Ó di "ẹyinjú mi, ṣé o ti jẹun?"

Àṣé inú ìbẹ̀rù ni ẹyinjú náà wà. Ìgbóná ara kan ti pa etí òsì rẹ̀ láti kékeré, ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi í pamọ́: kó jẹ́ kí èèyàn wà ní ọ̀tún rẹ̀, bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó mi orí. "Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ra ìkòkò tó sán," ni ìyá máa ń wí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń rìn, ṣe ló máa ń sá yí sí òdìkejì wẹ́dà.

"Ṣé ejò wà lápá ibí ni?" ni wẹ́dà fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ayafọ́tò á kàn rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ gbá wọn, wẹ́dà sì fò sí apá òsì ayafọ́tò. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọjá, ó wo ilẹ̀, ó rọra sọ nǹkan. Ètè rẹ̀ tó ń mì nìkan ni ayafọ́tò rí. Bó bá ní "kí lo wí?", àṣírí tú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì.

Ojú wẹ́dà fà ro. "Ó dáa," ló wí. Ó sìn ín délé, kò sì yọjú mọ́.

*Ó ti mọ̀,* ni ayafọ́tò ń wí nínú ara rẹ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n wẹ́dà tó jẹ́ obìnrin ṣe wọlé dé ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò wá jà. Àbúrò mi ní kó o fẹ́ òun, o rẹ́rìn-ín, o mirí pé rárá. Ṣé àpá ojú rẹ̀ ni?"

Ayafọ́tò ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ròyìn fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Sọ fún un pé ojú ló tì ọ́. Má ṣe dárúkọ etí o!"

Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi dé ibi iṣẹ́ wẹ́dà. Wẹ́dà pa iná, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?"

"Ẹ" yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ lọ. Irọ́ náà sá.

"Mi ò gbọ́ ohun tó o sọ lọ́jọ́ náà. Etí òsì mi kò gbọ́ràn rárá." Ó wò ó lójú. "Bó o bá fẹ́ kí n máa lọ, sọ ọ́ ketekete, kí n má ṣì í gbọ́."

Wẹ́dà bọ́ ìbòjú náà kúrò lórí. "Gbogbo sísá tí ò ń sá yẹn?"

"Etí ni."

"Mo rò pé òórùn ara mi ni! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọṣẹ bó ara mi tán." Ẹ̀rín rẹ̀ kò tọ́jọ́. "Mo tún rò pé ojú mi ń kó ọ nírìíra. Ó dùn mí gan-an."

"Má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó ń ba èmi náà." Ó yí wá sí ọ̀tún rẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ayafọ́tò kò rẹ́rìn-ín, kò mi orí. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o," ló wí, "ṣùgbọ́n màá fẹ́ ọ."

Wọ́n jọ lọ bá ìyá ayafọ́tò nílé. Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"O sọ fún un?"

"Mo ti sọ, Màámi."

Ìyá yíjú sí wẹ́dà, ó ń retí kó wá nǹkan wí, kó máa lọ. Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó dìde, ó fa àga, ó sì jókòó sí apá ọ̀tún ayafọ́tò.