Méje Ni Mo Kọ

"Ilé yín ló kàn," Fọlábí wí, ó fi bírò tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà wa. "Ṣé ká wọlé?"

"Má wulẹ̀ wọlé," mo dá a lóhùn kíá. "Èmi fúnra mi ni màá kọ tilé wa."

Nígbà ọlidé ọdún 1971 ni, fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ la wà. Dókítà Òkè, tó ń ṣèwádìí àrùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, ló yan àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá pé ká máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìbàràpá, ká máa kọ orúkọ àwọn tó ní wárápá. Ìdèrè, ìlú wa, ni wọ́n fún èmi àti Fọlábí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà kó wa jọ ní Ìgbó-Ọrà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ohun tí ẹ bá kọ ni màá gbé lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé. Bí ẹ bá purọ́ fún mi, èmi náà á purọ́ fún wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé yín la ó fún lóògùn."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Etí mi kò di.

Ọmọ́ṣọlá ẹ̀gbọ́n mi ní wárápá. Gbogbo ilé wa ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àrùn náà. "Òòyì ni," màmá mi a sọ bẹ́ẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹni tí ìfófòó ẹnu ẹni tí wárápá gbé bá kàn, ó kó o nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, bí a ti ń jáde nílé Ìyá Ògúntọ́lá tó kọjú sí tiwa, tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn náà, Fọlábí ní, "Èmi ò lè jẹun nílé yìí láéláé. Ta ló máa fẹ́ ọmọ ibẹ̀?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn títí dòní.

Mo wọlé. Màmá mi rí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Rosaline, kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ní oògùn wà."

"Oògùn kẹ̀? Kí gbogbo Ìdèrè wá máa ka orúkọ ọmọ mi? Ìwọ náà ò ní rọ́kọ fẹ́ o! Àmọ́ ọwọ́ rẹ ni bírò wà."

Ọmọ́ṣọlá ń bẹ́ gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò gbójú sókè. "Kọ ọ́, Rosaline," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí."

Mo rántí Fọlábí tó dúró níta. Mo kọ ọ́ pé kò sí.

Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, ènìyàn méje ló ní wárápá ní Ìdèrè. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ìwé mi mọ́ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì ń gbé oògùn wá fún àwọn méje náà. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Ògúntọ́lá ò ṣubú mọ́, ó padà sílé ìwé. Mo ń wò ó lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gbéra láti lọ bá nọ́ọ̀sì, tí mo tún yí padà, torí pé n kò fẹ́ kí dókítà mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Mo ń fi í dọ̀la.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ọmọ́ṣọlá àti àwọn obìnrin márùn-ún jọ ń yan gààrí. Wárápá gbé e, ó ṣubú sínú iná. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ni wọ́n ń ké, gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Ìyá Ògúntọ́lá, tí nọ́ọ̀sì ti kọ́ pé àrùn náà kì í ranni, ló sáré láti ojúde rẹ̀ wá fà á yọ. Ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi kú.

Níbi tí a ti ń sunkún, obìnrin náà wò mí. "Ìwọ lo wá kọ orúkọ ọmọ mi," ó ní. "Ta ló kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Fọlábí tí mo torí rẹ̀ purọ́ kò tilẹ̀ wá síbi ìsìnkú.

Ní 1978, mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Olùkọ́ wa gbé ìwé kan wọ kíláàsì. Dókítà Òkè ló kọ ọ́, olùkọ́ sì ní àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù àti Íńdíà ló ń fi í ṣe ẹ̀rí nínú ìwé tiwọn. Mo ṣí i. Ìdèrè: méje. Ní ìparí rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ tòótọ́tòótọ́. Orúkọ mi ló ṣáájú.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹ́jọ ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò bá mi wí. Ó fagi lé méje yẹn, ó kọ mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni mo lè tún ṣe," ó ní. "Àwọn ẹ̀dà yòókù ti lọ káyé. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ọmọ́ṣọlá, sà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, ọdún keje lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi bá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó nílò rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, bí wọ́n bá bi yín ní òtítọ́ tó ń tini lójú, ẹ sọ ọ́. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Fọlábí ìbá fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá wà láàyè.