Àwo Tí Wọ́n Fẹ́ Fọ̀ Létí Odò Ọ̀nì

Ní àárọ̀ Sátidé ọdún Àjíǹde, Akínbọ̀wálé ń di àgọ́, ìkòkò àti ẹní sínú bùùtù mọ́tò rẹ̀ ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́. Ó ní òun fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ òun lọ wo ọ̀nì nínú igbó.

"Ọ̀nì kẹ̀?" ni aládùúgbò wọn, Ìyá Sherifat, wí. "Ṣé òun náà ń ṣọdún ni?"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi kúrò nílé. Ní ìlú Oǹdó, wọ́n gbé Olúrántí, ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀wálé obìnrin, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko nínú igbó ọba. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Orí òkè kan tó jìnnà sódò ló ní kí wọ́n pàgọ́ sí, bí àbúrò rẹ̀ tilẹ̀ ń kùn.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i: ọ̀nì ńlá kan sùn gbalaja sórí iyanrìn ní òdìkejì odò, ó la ẹnu sílẹ̀. Monílọ́lá, ọmọ wọn, gbàgbé pé ebi ń pa òun. Inú gbogbo wọn dùn, ó sì yẹ kó dùn.

Nígbà tí Olúrántí rẹjú díẹ̀ nínú àgọ́, Bọ́lánlé, ìyàwó Akínbọ̀wálé, gbé ẹja tútù tí wọ́n rà lọ́nà lọ sétí odò. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì da ìfun àti ìpẹ́ rẹ̀ sómi kí eṣinṣin má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, a ò lè bá a wí nítorí ìyẹn.

Wọ́n jẹun tán, oòrùn sì ti ń wọ̀. Bọ́lánlé kó àwo fún ọmọ rẹ̀.

"Lọ fọ̀ ọ́ níbi tí mo ti fọ ẹja. Mi ò lè fi àwo ìdọ̀tí sílẹ̀ sùn o."

Ọmọ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ nígbà tí Olúrántí, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja náà láti inú àgọ́, jáde, tó wo òdìkejì odò. Orí iyanrìn ti ṣófo.

"Ta ló fọ ẹja létí omi?"

"Èmi ni, Àǹtí," ni Bọ́lánlé dáhùn.

"Monílọ́lá! Dúró! Má dé etí omi!"

Ariwo náà ba ọmọ lẹ́rù, àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan sì yí lọ sétí omi. Ó fẹ́ lọ mú un, nítorí ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ò ní fẹ́ kí àwo sọnù.

"Fi sílẹ̀! Máa bọ̀ níbí!"

Ó sáré padà wá. Akínbọ̀wálé bínú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi ariwo pa ọmọ. Ọ̀nì ti lọ. Ṣé ẹ rí i níbẹ̀ ni?"

"Mi ò rí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Nígbà tó wà lórí iyanrìn, a mọ ibi tó wà. Wo ẹ̀gbẹ́ àwo yẹn."

Wọ́n wò ó. Omi pa rọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ojú méjì yọ lójú omi, níbi tí Bọ́lánlé ti fọ ẹja gan-an. Kò mira.

Bọ́lánlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. "Èmi ni mo rán an," ló ń sọ ṣáá.

"Ìyàwó wa, o ò mọ̀ ni," ni Olúrántí wí. "Oúnjẹ lo gbé kalẹ̀ fún un. Ọ̀nì kì í gbàgbé ibi tó ti rí oúnjẹ. Á rì sábẹ́ omi, á sì máa retí ẹni tó máa padà wá síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú. Ilé rẹ̀ la wá."

Akínbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú koríko.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kó ọmọ yín lọ wo ẹranko igbó, ẹ lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó mọ ibẹ̀ dání, kí ẹ sì pàgọ́ jìnnà sódò. Ẹ má fọ ẹja tàbí ẹran létí omi, ẹ má ju oúnjẹ sí ọ̀nì nítorí fótò. Ẹ gbé omi tí ẹ máa lò láti ilé. Bí ẹ ò bá rí ọ̀nì náà mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sá fún etí odò. Bí àwo bá sì dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni kí ẹ rí i pé ó jí.