Lífìtì Tó Gbé Káńsẹ́lọ̀ Mì

Ní gbogbo àdúgbò Peckham, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó Adédèjì. Ó ti ṣe sójà, ó di lọ́yà, ó tún di káńsẹ́lọ̀. Tó bá lanu ní kọ́ọ̀tù, òtítọ́ fúnra ẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó pa irọ́ kan. Nínú ìwé tó fi ń wá ìbò, ó ní òun ti tún lífìtì ilé alájà méjìlá kan ṣe. Irọ́ funfun báláú! Mummy Agnes, opó tó ń gbé lókè pátápátá, ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé náà torí lífìtì ò ṣiṣẹ́, itan wọn kán. Wọ́n sì ti fẹjọ́ sùn ní káńsù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Dèjì ń gbé ìwé lọ bá wọn, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i pé lífìtì ò bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú. Irọ́ yẹn ti dùn débi pé òun náà gbà á gbọ́. Ó wọ lífìtì.

Gbì! Ó há sáàárín àjà kẹfà àti keje. Iná kú. Fóònù ò lọ. Ó pariwo, wọ́n gbọ́ ọ ní Camberwell!

Malachi, tí wọ́n jọ ṣe sójà, ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ó fẹ́ lọ gbàdúrà fún Mummy Agnes.

"Dèjì! Ìwọ nìyẹn? Ṣebí o ti tún un ṣe!"

"Malachi, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jọ̀ọ́! Pe panápaná!"

"Mo ti pè wọ́n. Irọ́ yẹn ńkọ́, ta lo máa pè fún un?"

"Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba ipò mi."

"Wọ́n lè gbà á. Jésù ò ní jù ẹ́ nù."

Wákàtí kan kọjá. Lójú Dèjì, ogún ọdún ni. Kò bẹ̀rù báyìí lójú ogun rí. Ó wá rí i pé ó ti pẹ́ tóun ti há, kí lífìtì tó dúró. Ó kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Jésù, mi ò ní àwíjàre. Mo jẹ̀bi. Ṣàánú mi."

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, kò sá wálẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn tó kù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Mummy Agnes, ó fa ìwé náà ya.

"Mummy, irọ́ ni mo pa. Màá sọ ọ́ ní káńsù lọ́la, lójú gbogbo wọn."

"Dìde, ọmọ mi. Àtẹ̀gùn lo gbà wá?"

"Àtẹ̀gùn ni, Mà."

"O ti wá mọ̀ ọ́n."

Ó jẹ́wọ́ ní káńsù lóòótọ́. Ìbò já mọ́ ọn lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n oorun tó ń sùn báyìí, ọmọ tuntun ò sun irú ẹ̀ rí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí bó o ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, ní Peckham yìí, irọ́ wo ló ń gbé ẹ lọ sókè? Má dúró dìgbà tó bá há. Jésù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí, ó ń gbọ́ ẹ. Pè é kí bọ́ọ̀sì ẹ tó dé.